Ajá Inú Fọ́tò

Èmi, Renae Joyce Tvedt, tí mo ń gbé ní ojú ọ̀nà oko níhà àríwá ìlú Halden, ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ni mo ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé yìí. Orí mi pé. Ara ni kò pé mọ́. Dókítà ti sọ ìgbà tó kù fún mi láyé, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó fi agbára mú mi kọ ìwé yìí, kò sì sí ẹni tó fi oúnjẹ tàn mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ti gbé ọ̀dùnkún yíyan wá tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀kùn fíríìjì mi kò fi lè pa dé mọ́. Ìwé ìhágún yòówù tí mo bá ti kọ ṣáájú èyí, mo pa á rẹ́. N kò rántí pé mo kọ òmíràn rí, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò mi, Ìyáàfin Pruitt, ní kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo sì ti sọ ọ́.

Ó ti rẹ̀ mí. Ẹni tó bá rí ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ kúkúrú, kó mọ̀ pé kì í ṣe ìbínú, àárẹ̀ ni. Ibi tí mo bá ti sọ̀rọ̀ gígùn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí. Ìyáàfin Pruitt gbà mí nímọ̀ràn pé kí n yọ àwọn ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ kúrò, nítorí wọn kò wúlò fún kóòtù. Mo ní rárá. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi gbé láàárín àwọn ènìyàn tí kì í sọ ohun tó wà nínú wọn, èmi náà ò sì yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nígbà tí kò sí ẹni tó lè bu kọfí fún mi láti fi pa mí lẹ́nu mọ́.

Abala Kìíní. Mo yan Corinne Haase, opó Olóògbé Wendell Haase, ti ìlú Brandt Falls, láti jẹ́ alámòójútó ìwé ìhágún yìí. Òun ni kó san gbèsè mi, kó ti ilé mi, kó sì pín ohun tí mo ní gẹ́gẹ́ bí mo ṣe là á sílẹ̀. Òun náà ni kó ka ìwé yìí sókè níwájú gbogbo àwọn tí orúkọ wọn wà nínú rẹ̀.

Corinne, mo ti ń gbọ́ ohùn yín láti ibí: "Èmi kẹ̀? Ṣé kò sí ẹlòmíì tó yẹ ni?" Kò sí. Ẹ ti gba ohun tó wúwo ju èyí lọ lọ́wọ́ mi rí, ẹ kò sì jẹ́ kó bọ́.

Abala Kejì. Kí ẹ sin mí sí itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì wa, ní ẹ̀gbẹ́ ìyá mi, ní apá ibi tí bàbá mi kò sí. Nígbà ayé wọn, ìyá mi ló máa ń dúró láàárín àwa méjèèjì. Kí wọ́n bá mi dúró síbẹ̀ lọ. Kí àwọn obìnrin se kọfí ní ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn, kí wọ́n má sì bu omi là á. Ní ìjókòó iwájú, Britta àti Corinne ni kó jókòó. Bí Duane ẹ̀gbọ́n mi bá ti jókòó síbẹ̀ kí wọ́n tó dé, kó sún.

Abala Kẹta. Ilẹ̀ mi, ọgọ́rin éékà, pẹ̀lú ilé tó wà lórí rẹ̀, ilé àgùntàn, kànga, àti igi ápù tí kì í so dáadáa, gbogbo rẹ̀ ni mo fi fún Britta Louise Haase, olùkọ́ ìṣirò, ti ìlú Brandt Falls. Bí kò bá fẹ́ gbé inú rẹ̀, kó má gbé inú rẹ̀. Bó bá fẹ́ tà á, kó tà á. Tirẹ̀ ni.

Ibí yìí ni gbogbo wàhálà wà, nítorí náà mo ní láti là á yé ẹni tó bá ń ka ìwé yìí tí kò mọ̀ wá. Èmi ni mo bí Britta. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà náà, n kò ní ọkọ, n kò sì ní ilé tí mo fẹ́ gbé ọmọ wọ̀. Ọmọkùnrin tó fún mi lóyún wọ iṣẹ́ ológun, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ lọ. N kò ní ìjà kankan pẹ̀lú rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo yan Corinne àti Wendell láti gba ọmọ náà tọ́, àwọn náà sì gbà pé kí n máa wá wò ó lọ́dọọdún, ní oṣù kẹjọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí adájọ́ ti fi òòtẹ̀ lu ìwé ìgbàtọ́ náà, òfin kò mọ̀ mí sí ìyá rẹ̀ mọ́. Àlejò ni mí. Bí mo bá kú láìkọ nǹkan kan, ọ̀dọ̀ Duane ni òfin yóò gbé ilẹ̀ yìí lọ. Duane sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ ọ́ ní ilé kọfí ìlú pé, "Renae ò kúkú bímọ. Èmi nìkan ló kù."

Ìyáàfin Pruitt ní kí n kọ orúkọ Britta kó hàn gbangba, kí n sì kọ ohun tó jẹ́ sí mi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Orúkọ rọrùn láti kọ. Ohun tó jẹ́ sí mi ni mo ti ń rò láti oṣù kẹjọ.

Corinne, ẹ rántí ọjọ́ náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwòsàn dé, ẹ sì wá bá mi dá iná, ẹ wá bá mi fọ aṣọ. Mo sọ fún yín pé Britta ni mo fẹ́ fún ní ilẹ̀. Ẹ ní, "Ó dáa." Lọ́dọ̀ àwa ará ibí, "ó dáa" lè jẹ́ ayọ̀, ó sì lè jẹ́ ọ̀fọ̀, ojú ènìyàn la fi ń mọ̀ ọ́n, ẹ sì kọ̀yìn sí mi. Ibi sínkì ni ẹ wà, tí ẹ ń fọ kọ́ọ̀bù tó ti mọ́. Ẹ kò yíjú padà, ẹ ní, "Ṣé wàá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ rẹ ni?"

Mo ṣe bíi pé oorun ti gbé mi lọ. Ìwé yìí ni ìdáhùn yín. Ẹ ní sùúrù, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Abala Kẹrin. Ẹ̀gbọ́n mi, Duane Arvid Tvedt, ni mo fún ní ẹ̀rọ ìgékoríko tí ó yá lọ́wọ́ mi, èyí tó ti wà nínú ilé oko rẹ̀ láti ìgbà tí n kò rántí mọ́. Mo tún fún un ní àga tí bàbá wa máa ń jókòó lé. Bó bá gbé ìwé yìí lọ sí kóòtù, kó dá méjèèjì padà fún Britta, kó sì bá a nu àga náà kó tó gbé e wá.

Ẹ̀gbọ́n mi, n kò bínú sí yín tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Agbára ni ènìyàn fi ń bínú. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí ẹ sọ fún mi nígbà tí mo kọ́kọ́ ń múra láti lọ wo Britta, tí mo wọ aṣọ tí ìyá wa bá mi lọ̀. Ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹ ní, "Ìwọ náà! Ẹni tó ti ta màlúù kì í padà lọ kí wàrà." Mo sunkún dé ibi tí mo ń lọ. Ní báyìí tí ọ̀rọ̀ ti tutù, mo gbà pé ó dùn lẹ́nu, ẹ sì ní ẹ̀bùn ọ̀rọ̀ sísọ. Àṣìṣe kan ló wà níbẹ̀. N kò ta màlúù, Duane. N kò ta nǹkan kan.

Ẹ má sì béèrè ajá mi. Ẹ mọ ìdí rẹ̀. Ohùn bàbá wa ló wà lọ́fun yín.

Abala Karùn-ún. Àwọn àgùntàn mi, kí ẹ tà wọ́n fún ẹni tó bá fi ọwọ́ kàn wọ́n kó tó béèrè iye tí wọ́n jẹ́. Abo arúgbó tí etí rẹ̀ ya, ẹ má tà á. Kó máa jẹ koríko lọ níbi tó wà títí yóò fi tó àkókò tirẹ̀. Ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù mi, kí ẹ tà á, kí ẹ fi san owó ìsìnkú. Àlùmọ́gàjí tí ìyá mi fi ń rẹ́ irun àgùntàn, Britta ni mo fún.

Britta, mo mọ̀ pé o kò fẹ́ràn àgùntàn. O gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, o gé ọ̀kan létí, ìwọ àti àgùntàn náà sì jọ ké. Etí ta ni mo sọ pé ó ya lókè yìí? Òun náà ni. Fi àlùmọ́gàjí náà gé bébà fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ. Ó mú dáadáa.

Abala Kẹfà. Fọ́tò tó wà nínú férémù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi, èyí tí Corinne jókòó lórí àtẹ̀gùn iwájú ilé tí ajá pupa kan sì fara ti orúnkún rẹ̀, mo fi fún Corinne.

Britta, ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ níbí, ìyá rẹ náà yóò sì gbọ́, nítorí ẹnu wọn ni yóò kà á. O ti bi mí lọ́pọ̀ ìgbà pé kí ló dé tó fi jẹ́ pé àwọn ni mo yàn. Mo máa ń dá ọ lóhùn pé ojú wọn dára. Ojú wọn dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú kọ́ ni mo wò.

Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Minneapolis tó ń bá àwọn ọmọ wá òbí. Ìyáàfin Kranz tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ mi níbẹ̀ kó ìwé fọ́tò jọ síwájú mi lórí tábìlì. Tọkọtaya kọ̀ọ̀kan tó ń wá ọmọ ló ṣe tirẹ̀: fọ́tò ilé, fọ́tò yàrá tí wọ́n ti kùn sílẹ̀ de ọmọ, àti lẹ́tà sí ẹnì kan tí wọn kò mọ̀ rí. Èmi ni ẹni tí wọn kò mọ̀ rí náà. Gbogbo wọn ló ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn ló ní ọkọ̀ ojú omi. Gbogbo wọn ló fẹ́ràn láti máa rìn kiri nínú igbó, bí ẹni pé kò sí ẹnikẹ́ni ní Minnesota tó ń jókòó sílé. Ẹsẹ̀ mi ti wú, ìwọ ń ta mí nípàá nínú lọ́hùn-ún, èmi sì ń ṣí ìwé bí ẹni tó ń yan bàtà. N kò mọ ohun tí mo ń wá. Ọmọ tí kò tíì lè yan aṣọ tó máa wọ̀ lọ́la, wọ́n ní kó wá yan ìyá fún ẹlòmíì.

Ohun kan ṣoṣo tó dá mi lójú láyé nígbà náà ni ọ̀rọ̀ ajá. Nílé wa, bí ọkọ̀ bàbá mi bá ti ń yà wọlé, abẹ́ àtẹ̀gùn ni ajá wa máa ń sá lọ, ibẹ̀ ni yóò sì wà títí ilé yóò fi dákẹ́. Èmi náà ì bá bá a lọ ká ní ibẹ̀ gbà mí. Nígbà tí mo wá rí ajá pupa ńlá yẹn, tó gbé gbogbo ara lé orúnkún obìnrin kan, tó sì di ojú, mo sọ nínú ara mi pé: kò sí ariwo nínú ilé yìí. Mo pa ìwé náà dé. Mo ní, "Àwọn wọ̀nyí ni."

Ìyáàfin Kranz ní, "Kí lo rí lára wọn?"

Mo ní, "Ajá wọn ni, mà."

"Ajá kẹ̀?"

"Ó fara tì wọ́n."

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé, ìyá rẹ gbé kéèkì lẹ́mọ́ọ̀nù wá. Wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń bẹ̀rù ìdáhùn. Mo ní, "Ajá yín ni, mà." Ìyá rẹ wo bàbá rẹ. Bàbá rẹ wo bàtà ẹsẹ̀ wọn. Ìyá rẹ wá ní, "Ajá dáadáa ni, lóòótọ́." Wọ́n sì gé èyí tó tóbi jù nínú kéèkì náà fún mi.

Oṣù kẹjọ àkọ́kọ́ tí mo wá wò ọ́, ajá náà wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọkàn mi balẹ̀. Oṣù kẹjọ ọdún kejì, gbogbo wa jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, ìwọ ń fa koríko tu, o sì ń fi í sẹ́nu, ni bàbá arúgbó kan yọ láti ilé kejì tòun ti sálúbàtà lẹ́sẹ̀ àti okùn lọ́wọ́. Bàbá Lindquist ni. Wọ́n ní, "Corinne, ṣé ẹ ti lo ajá mi tán? Àkókò oúnjẹ rẹ̀ ti tó o." Ajá náà dìde, ó na ara, ó tẹ̀ lé olówó rẹ̀ lọ sílé. Kò wẹ̀yìn rárá.

Ká ní ibòmíràn ni, ibẹ̀ ni ìjà ì bá ti bẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ìyá rẹ ní, "Renae, ṣé kí n bu kọfí sí i?" Mo ní, "Díẹ̀ péré, mà, ẹ ṣeun." A mu kọfí. A sọ̀rọ̀ òjò.

Bàbá rẹ ló sìn mí dé ìdí ọkọ̀. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní, "Renae, ajá Lindquist ni. Ẹnì kan ló sọ fún wa pé ẹ̀yin ọmọbìnrin máa ń fẹ́ràn fọ́tò tí ajá bá wà níbẹ̀. Sọ́séèjì ló wà lápò Corinne. Òun ni ajá yẹn ń wá. Jọ̀ọ́, má sọ fún un pé mo sọ fún ọ o."

Mo wa ọkọ̀ dé ẹ̀gbẹ́ oko àgbàdo kan, mo dúró, mo sunkún. Kì í ṣe irọ́ náà ló pa mí lẹ́kún. Ẹni tó ń wá ọmọ lè pa irọ́ tó ju ìyẹn lọ. Ẹ̀rù ló bà mí. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbójú lé nígbà tí mo gbé ọ sílẹ̀, sọ́séèjì ni. Bí ariwo bá wà nínú ilé náà ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé ìwọ náà ń wá abẹ́ àtẹ̀gùn tí wàá sá sí ńkọ́? Ta ni màá lọ sọ fún? Adájọ́ ti fi òòtẹ̀ lù ú. Ọdún náà gùn ju gbogbo ọdún tí mo ti lò láyé lọ.

Nígbà tí oṣù kẹjọ tún dé, mo bá ajá mìíràn níbẹ̀, kékeré, aláwọ̀ ìyeyè, tiwọn gan-an. Ojú ìyá rẹ ti wú. Imú wọn ń ṣàn, wọ́n ń sín bí ẹni tí ata bọ́ sí nímú. Ara wọn kò gba irun ajá; kò gbà á rí láti kékeré. Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Àbí ajá yìí ni?" Wọ́n ní, "Ajá báwo? Rárá o. Eruku ni."

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ajá ni mo wò lọ́jọ́ náà. Ìwọ ni. O ti ibi tí o ti ń ṣeré wá, o kò wo ojú ẹnikẹ́ni, o gbé gbogbo ara lé orúnkún ìyá rẹ, bí ènìyàn ṣe ń fara ti ògiri ilé ara rẹ̀, o sì di ojú. Kò sí sọ́séèjì lápò wọn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mo yàn dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ̀ ọ́n yàn.

Láti ìgbà náà, ajá ò tán nílé yín. Bí ọ̀kan bá kú, òmíràn á dé. O rò pé nítorí tìrẹ ni. Nítorí tèmi ni. Mo ti sọ pé ajá ló mú mi yàn wọ́n, wọn kò sì fẹ́ kí n dé lọ́jọ́ kan kí n má bá ajá nílé. Òfin kò ní kí wọ́n ṣe é. Òfin kò tilẹ̀ ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún mi. Ẹnu lásán ni àdéhùn wa nígbà náà. Àbúrò bàbá rẹ sọ fún wọn létí mi pé, "Ọmọ ti dọ́wọ́ yín. Ẹ ti ilẹ̀kùn, kí olúkúlùkù máa bá tirẹ̀ lọ." Ìyá rẹ ní, "Ó dáa," wọn kò sì tì í. Nígbà tí a sin ìyá mi, yìnyín bo gbogbo ìlú Halden, a kò rí ilẹ̀, ká má tíì sọ eruku. Ìyá rẹ dé tòun ti irun ajá lára kóòtù, wọ́n ń sín láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn dé òpin. Mo bi wọ́n. Wọ́n ní eruku ni.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Irọ́ ti ìyá rẹ kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó rìn títí, òun fúnra rẹ̀ di òtítọ́.

Abala Keje. Àga onígi gígùn tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi, níbi tí a ti ń wọ bàtà, mo fi fún Britta.

Ìwọ nìkan lo mọ ìdí rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọ́. O bá ìyá rẹ jà nítorí ọmọkùnrin kan tí n kò rántí orúkọ rẹ̀ mọ́, ìwọ náà ò sì ní rántí. O wọ bọ́ọ̀sì wá bá mi láìsọ fún wọn. Mo pè wọ́n lórí fóònù, mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, wọ́n sì gbéra lójú ẹsẹ̀. O jókòó sórí àga yìí, o ní, "Ẹ̀yin gan-an ni ìyá mi. Corinne ò jẹ́ nǹkan kan sí mi."

Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń retí láti ọjọ́ tí mo ti bí ọ nìyẹn. Ó dùn mọ́ mi, n kò ní purọ́. Ọkọ̀ ìyá rẹ ti dúró níta nígbà náà. Wọ́n jókòó sínú rẹ̀, wọn kò kan ilẹ̀kùn, torí pé n kò tíì pè wọ́n wọlé. Mo ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé, wọ́n di ọwọ́ ọkọ̀ mú gírígírí bí ẹni tí ọkọ̀ ṣì ń sáré. Ká ní mo fà ọ́ mọ́ra lọ́jọ́ náà, bóyá o kì bá tí bá wọn lọ. Mo ní, "Èmi ni mo bí ọ. Àwọn ni ìyá rẹ. Wọ bàtà rẹ." O ò bá mi sọ̀rọ̀ títí di Kérésìmesì.

Corinne, n kò sọ èyí fún yín rí. Ẹ ti ń rò ó láti ìgbà náà pé òun fúnra rẹ̀ ló ní òun fẹ́ máa lọ sílé. Ẹ jẹ́ kó jókòó lórí àga náà nígbà tí ẹ bá ń ka ibí yìí.

Abala Kẹjọ. Ajá mi, Pepper, n kò fi fún ẹnikẹ́ni ní pàtó. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti sin mí, kí ẹ mú un wá sí ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì níbi tí gbogbo yín ti ń jẹun, kí ẹ tú okùn rẹ̀, kí ẹ má pè é. Ẹni tó bá lọ fara tì ni kó mú un lọ sílé. Kí ẹnikẹ́ni má fi sọ́séèjì sápò. Mo sọ èyí gẹ́gẹ́ bí apá kan ìwé òfin, Ìyáàfin Pruitt sì ti tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bó bá jẹ́ Corinne ló fara tì, kí Britta mú un. Corinne, mo tú yín sílẹ̀ lónìí. Èyí tó wà nílé yín lọ́wọ́lọ́wọ́, kí Britta náà gbà á, kí ẹ gbá ilé, kí ẹ fọ kápẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi ìgbà tó kù láyé fi imú mí bí ènìyàn. Mo mọ̀ pé kì í ṣe eruku. Mo mọ̀ ọ́n láti ọdún kẹta. Ìtìjú yín ni mo ń pa mọ́, ẹ̀yin sì ń pa ìrètí tèmi mọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwa méjèèjì ṣe jókòó ti ajá títí irun orí wa fi funfun.

Abala Kẹsàn-án. Nípa ohun tí Britta Louise Haase jẹ́ sí mi.

Corinne, mo ti dé ibẹ̀. Ìyáàfin Pruitt kọ́kọ́ kọ ọ́ pé "ẹni tí olùhágún bí." Ó tutù jù, mo ní kó pa á rẹ́. Ó wá kọ "ọmọ mi." Mo wò ó fún ìgbà pípẹ́. Mo fẹ́ ẹ, kí n má tàn yín. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e kúrò lọ́wọ́ mi, kò sí ìwé kankan láyé tó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo sì ti ń kú lọ. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń wò ó ni mo ń rí ẹ̀yìn yín níbi sínkì, tí ẹ ń fọ kọ́ọ̀bù tó ti mọ́. Mo ní kó pa ìyẹn náà rẹ́. Ó béèrè bóyá kó kọ "ọmọ Corinne." Mo ní rárá, n kì í ṣe ẹni mímọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo ní kó kọ "ọmọ wa." Ó ní òfin yóò béèrè pé ta ni ń jẹ́ "wa." Mo ní ìbéèrè gidi ni, kó jẹ́ kí n dáhùn rẹ̀ síbẹ̀. Nítorí náà: Britta Louise Haase, tí mo fi ilẹ̀ àti ilé mi fún ní abala kẹta, ni ọmọ wa, èmi Renae Tvedt tí mo bí i, àti Corinne Haase tí ó tọ́ ọ dàgbà. Bí wọ́n bá ń pe àwọn ìyá rẹ̀, níbikíbi, nígbàkígbà, kí wọ́n pe méjèèjì. Kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ̀kan kúrò, ìbáà ṣe òfin, ìbáà ṣe Duane, ìbáà ṣe ẹ̀yin fúnra yín pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́ yín.

Ẹnu yín lẹ fi ka èyí, mo sì mọ ohun tí ojú yín ń ṣe lọ́wọ́. Bí ẹnikẹ́ni nínú yàrá yẹn bá bi yín, ẹ má sọ pé eruku ni mọ́. Ẹ sọ fún wọn pé ajá ni.

Mo fọwọ́ sí ìwé yìí nílé mi ní Halden, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá, ọdún 2023.

Renae Joyce Tvedt

Àwa tí orúkọ wa wà nísàlẹ̀ yìí wà níbẹ̀, a sì fi ojú wa rí i nígbà tí ó fọwọ́ sí i. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Kò sí èyíkéyìí nínú wa tó jogún ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀, àyàfi kọfí tí a mu.

Gladys Moen, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé-ìwé, Halden

Ivan Sorum, àgbẹ̀, aládùúgbò rẹ̀